Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Idà tí Ẹ Tà fún Mi Kò Dé Bọ́mà Rí

London,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé ìtajà ohun ogun àtijọ́,
London.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀SÙN LÓRÍ IDÀ Ọ̀GÁ OLÓGUN JÀPÁÀNÌ TÍ MO RÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí Yorùbá ni a jọ fi dúnàádúrà nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, tí ẹ sì gbé àga fún mi. £1,200 ni mo kà sílẹ̀. Ẹ ní ojúlówó ni idà náà, pé ọ̀gá ológun Jàpáànì kan ló jọ̀wọ́ rẹ̀ ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) lọ́dún 1945 tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú sátífíkéètì tí ẹ buwọ́ lù. Ayédèrú ni. Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe mọ̀, nítorí akọ̀wé yín sọ fún mi lórí fóònù pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Oríṣi 98 ni ẹ pè é, ìyẹn idà tí wọ́n fàṣẹ sí fún àwọn ọ̀gá ológun Jàpáànì lọ́dún 1938. Nígbà tí mo fà á yọ nínú àkọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin nítòsí èèkù. Idà ọ̀gá kì í ní nọ́ńbà níbẹ̀. Oríṣi 95, idà àwọn sájẹ́ǹtì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1935, ló máa ń ní in, torí ìjọba ló ni ìyẹn, wọ́n sì ní láti lè kà á. Àwọn ọ̀gá a máa fi owó ara wọn ra tiwọn. Èèkù ti sájẹ́ǹtì náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi okùn wé. Bàbà tàbí alumíníọ́mù ni wọ́n rọ, tí wọ́n wá kùn ún kó lè jọ okùn. Idà yín ní nọ́ńbà sájẹ́ǹtì, ó tún ní èèkù olókùn ti ọ̀gá. Ẹni tó ṣe é wo àwòrán idà méjì, ó sì pa wọ́n pọ̀.

Mo wá tú u. Ìṣó ọparun kékeré ló yẹ kó de èèkù mọ́ irin. Idẹ ni mo bá níbẹ̀. Lábẹ́ okùn, awọ ẹja tó le, tó ní kókó wẹ́wẹ́ tí wọn kò dọ́gba, ló yẹ kó wà. Ike ni tiyín, gbogbo kókó rẹ̀ ló sì rí bákan náà. Okùn gan-an ń yí lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Irin tó wọ inú èèkù lọ ló wá bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Agbo ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí ìyá mi sí, mo sì mọ irin tó dógùn-ún fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bomi iyọ̀ sí. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ìdógùn-ún rẹ̀ á ti ṣú bí obì gbígbẹ, kì í sì í kùn sí aṣọ. Èyí pupa bí epo, ó sì ràn mọ́ áńkáṣíìfù mi. Orúkọ alágbẹ̀dẹ tó wà lára rẹ̀ kò rí bí ohun tí wọ́n fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ha á, jíjìn rẹ̀ kò yí padà níbì kankan.

Ìlà bí ìgbì omi tó máa ń wà lẹ́bàá ẹnu idà, inú irin ni ti ojúlówó máa ń wà, nítorí bí wọ́n ṣe rì í bọ omi tàbí epo nígbà tó gbóná. Bí èèyàn bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, á rí i tó ń dán wínníwínní. Ti èyí dúró sójú irin lásán, ìgbì kan náà láti ìdí dé ṣóńṣó, bí ìgbà tí wọ́n fi páànù àdìrẹ ya á.

Mi ò bá yín jà pé wọn kò fi ọwọ́ rọ ọ́ bíi ti ayé àtijọ́ o. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú idà ìgbà ogun, ilé iṣẹ́ ló ṣe wọ́n, pàápàá ní ìlú Seki ní Jàpáànì, ojúlówó náà sì ni wọ́n. Bí ẹ bá ta irú ìyẹn fún mi, ǹ bá máa dúpẹ́ ni.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti Dìfíṣọ̀n 81, tó bá Jàpáànì jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1943 ni wọ́n kó wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀: orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Bàbá àgbà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun yẹn. Idà nìkan ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà, pé àwọn rí i tó ń kọ mànà lóru. Kí n tó tú èyí ni mo ti gbé e lé bàbá mi lẹ́sẹ̀, ẹni ọdún 84. Wọ́n di èèkù rẹ̀ mú, wọ́n sì sunkún. Èmi ni mo tún ní láti sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2008, ìjọba ilẹ̀ yìí ti ka títa idà tó tẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, léèwọ̀. Ara àwọn tí òfin náà yọ̀ǹda ni èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1954, àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ní ìlànà ìbílẹ̀. Èyí tó wà nílé mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 66, kò sì sí nínú méjèèjì. Ohun tí kò yẹ kí ẹ tà rárá ni ẹ fi sínú ilé mi. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 sì ní ọjà gbọ́dọ̀ rí bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, ó sì fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún nìyí.

Akọ̀wé yín fẹ́ dá £200 padà kí n lè panu mọ́. Mi ò gbà. £1,200 pé pérépéré ni mo fẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí ẹ rán ọkọ̀ yín wá gbé idà náà, torí mi ò ní gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Idà méjì mìíràn ṣì wà lẹ́yìn gíláàsì yín tí ẹ kọ Bọ́mà sí lára. Ẹ tú wọn, ẹ wo irin inú èèkù wọn. Bí wọ́n bá rí bíi tèmi, ẹ mú wọn kúrò níbẹ̀. Ọmọ sójà Bọ́mà mìíràn lè wọlé lọ́la.

Rìsíìtì, sátífíkéètì àti àwòrán mọ́kànlá wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Orúkọ àti nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.