Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà méje

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán Scrabble, eré fífi ègé lẹ́tà to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí o fi ránṣẹ́. G, A, N, R, I, D, E ló wà níwájú rẹ, o wá gbé RED kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń lo lẹ́tà méjèèje, tó sì ń fúnni ní 50 máàkì lórí iye tirẹ̀, wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

Bí o ṣe ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò ló dí ọ lójú. Tú wọn ká. Wá ìparí tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò dáadáa: ING, ED, ER, EST, LY. Wo ìbẹ̀rẹ̀ náà: RE, UN, OUT. Fa ING sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, A, D, E, R ló kù. READ nìyẹn, ó di READING. Dá ING padà, fa ED sẹ́gbẹ̀ẹ́, GRAIN ló kù, ó di GRAINED. Àmọ́ DARE náà wà nínú lẹ́tà mẹ́rin yẹn, má sì kọ DAREING o. E máa ń já bọ́ kí ING tó wọlé. Lẹ́tà mẹ́fà péré ni DARING, E á ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́. Bí alátakò bá pe DAREING níjà, wàá kó o kúrò lórí bọ́ọ̀dù, òdo lo máa gbà.

Má fi etí wá ọ̀rọ̀. Etí kì í gbọ́ GH inú WEIGHT, kì í gbọ́ K inú KNIFE tàbí W inú WRIST. Bí G àti H bá wọlé pọ̀, so wọ́n mọ́ra, kí o gbé I síwájú wọn wò.

Iṣẹ́ gidi wà nínú ìwé kékeré kan. To lẹ́tà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ABC ṣe tò ó: READING di ADEGINR, GRAINED náà di ADEGINR. Kọ ADEGINR sápá òsì, kọ READING, GRAINED, GRADINE àti DERAIGN sápá ọ̀tún. Bo apá ọ̀tún, kí o dá wọn sọ. Bí lẹ́tà bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ, tò wọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an. AEINRST ni kí o fi bẹ̀rẹ̀: RETAINS, RETINAS, NASTIER, STAINER, wọ́n ṣì pọ̀ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà yìí ló máa ń bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn dáadáa: nínú ègé 100, E jẹ́ 12, A àti I jẹ́ 9 lọ́kọ̀ọ̀kan. S kò ju 4 lọ, má ná an nítorí máàkì mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ gígùn nìkan kọ́ ló ń borí. Ní Perth, ní Australia, lọ́dún 2015, FELTY, oní-lẹ́tà márùn-ún, wà lára ohun tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tiwa, fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble. Kọ́ àwọn oní-lẹ́tà méjì tán ná: QI, ZA, XU. Kò sí ìyangàn níbẹ̀, àmọ́ bí alátakò bá parí tí Q ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ìyàtọ̀ 20 máàkì nìyẹn.

Áàpù orí fóònù dára lẹ́yìn ìdíje, kì í ṣe ṣáájú. Tẹ lẹ́tà rẹ, fi ? sáyè ègé òfìfo, èyí tó lè dúró fún lẹ́tà yòówù. Ṣùgbọ́n wo ìwé atúmọ̀ tó ń lò: ti Amẹ́ríkà kò ní ZO, ti Collins tí a ń lò ní Nàìjíríà ní in. Yan Collins nínú settings kí o tó kọ ohunkóhun sínú ìwé rẹ.

Ìyá rẹ.