Àdùkẹ́, Jẹun Dáadáa Ní Ìlọrin

Òmù-Àrán

Àdùkẹ́ mi,

Àbúrò rẹ ló tú ọ fó. Ó ní láti ìgbà tí o ti kó dé Tanke, búrẹ́dì àti Indomie lo fi ń gbé ọjọ́ ró. Ní Ìlọrin kẹ̀? Ìlú tí mo ti jẹun títí mo fi sanra kí n tó fẹ́ bàbá rẹ! Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí dópin.

Wàrà ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ní Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Èmi á fi kún un pé wàrà lẹran wọn. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń sè é. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á da omi ewé bòmubòmu sí i, á sì dì. Inú omi rẹ̀ ló yẹ kí o ti bá a nínú igbá. Má ti ìka bọ̀ ọ́ o, wọ́n á bú ọ. Ní kí wọ́n fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè: èyí tó dáa kì í fọ́, òórùn mílíìkì ló ń run, kì í kan. Tí o bá délé, fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́, kí o jẹ́ kó ro dáadáa kí o tó dín in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró á ta sí ọ lójú. Kì í yọ́ nínú òróró. Ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀. Wọ́n ata gígún sí i. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, má ra ju èyí tí o máa jẹ lọ́jọ́ náà lọ.

Ní ti ọjà, Ìpàta ni fún ẹran àti ata, Mandate fún ẹ̀wà àti iṣu. Ọjà Ọba wà nítòsí ààfin Ẹ́míà; lúrú ni kí o wá lọ síbẹ̀, ewé oṣè tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Bí o bá rí ìrẹsì Pátígi, rà á, àmọ́ ṣa òkúta rẹ̀ dáadáa. Ó dùn ju ti òkèèrè lọ fún tùwó.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé kí o ní oníbàárà: ẹnì kan fún ata, ẹnì kan fún ẹ̀wà, ẹnì kan fún ẹran. Kí wọn dáadáa, kí o béèrè ọmọ wọn. Má bá ìyá àgbà du náírà mẹ́wàá bí ẹni tó wá jà. Sanwó, kí o sì béèrè ènì. Tí ojú yín bá ti mọra, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún ọ pé, "Ìyàwó mi, tòní ò dáa, padà wá lọ́la." Fún ẹni tí o kò tíì mọ̀, yí kóńgò rẹ̀ dà kí ó tó wọn nǹkan. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí ẹ ti ń mu kọfí, tí ẹ ń tẹ fóònù. Mo gbà fún ọ, lẹ́yìn owó oṣù. Ṣùgbọ́n búkà ni kí o ti jẹ àmàlà, ọ̀sán gangan sì ni kí o lọ. Gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń bù ní ìrọ̀lẹ́ lè ti kan. Wo abọ́ rẹ: bí omi bá dá dúró lọ́tọ̀ lórí gbẹ̀gìrì, wọ́n ti ṣahun ẹ̀wà. Bí àmàlà bá sì ti wà nínú ọ̀rá láti àárọ̀, dìde.

Má ra elùbọ́ ní Ìlọrin o. Àwọn kan ń po ti gbágùúdá mọ́ ọn. Mo ti gún tiwa, mo sì ti fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ìgò epo méjì. Gáréèjì Ọ̀fà ló máa já a sí. Tètè dé ibẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ