Ẹ jẹ́ kí afọ́jú lè sọdá ní Kàbà

Olóòtú, okun o.

Nítòsí ọjà Kàbà, bàbá afọ́jú kan na ọ̀pá síwájú, ó ń fetí wá àlàfo láàárín àjàgbé àti ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó dúró fún un. Ó dùn mí gan-an.

Láti 1967 ni wọ́n ti tẹ́ òkúta oníkókó tí Seiichi Miyake ṣe sójú títì Okayama, ní Japan, kí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè mọ ibi tí a ó ti sọdá. Níbòmíì, òpó iná tó ń darí ọkọ̀ a tún máa dún, kí afọ́jú lè mọ ìgbà tó yẹ kó sọdá. Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 dárúkọ ibi ìsọdá àti àwọn afọ́jú pàtó. Òkúta oníkókó kò nílò iná mànàmáná rárá! Kí ìjọba ìbílẹ̀ wa tẹ́ ẹ síwájú ọjà àti ilé ìwòsàn ná.

Ọmọ Okun kan,
Kàbà.