Tíìpù ní Barbados: ẹ kọ́kọ́ ka bíìlì yín

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ tíìpù, owó ọpẹ́ téèyàn ń fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún un, ni mo bá wá, pàápàá fún àwa tá a wà ní London níbí tá a máa ń sá lọ sí Barbados tí òtútù bá fẹ́ pa wá. Èmi, ìyàwó mi àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin la jọ lọ lóṣù kejì, a sì nawó nínà òpònú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a jẹun létí òkun, flying fish àti cou-cou, àgbàdo tí wọ́n rò mọ́ ilá, ẹni tó bá mọ tùwó ò ní ṣàjèjì ẹ̀, ó dùn gan-an. Bíìlì dé, mi ò tiẹ̀ kà á, mo kàn ṣírò 15% mo lé e lórí. Hòtẹ́ẹ̀lì la dé tí ìyàwó mi yọ rìsíìtì, ó ní "Dádì Tọ́mi, kí wá ni 10% service charge tí wọ́n kọ síbí?" Háà! A ti san tíìpù wọn tẹ́lẹ̀. Ilé oúnjẹ púpọ̀ níbẹ̀ ló máa ń fi í sí i, tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ lè dìde kẹ́ ẹ máa lọ, tí ò bá sí ńbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn ní 10 sí 15%.

Èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin tó ń tún yàrá wa ṣe. Àràárọ̀ ni mo ń kó kọ́ìnì pọ́n-ùn sórí tábìlì fún un, mo rò pé mo ń ṣe gudugudu méje. Lọ́jọ́ kẹrin ó kanlẹ̀kùn, ó ti fi tíṣù wé gbogbo ẹ̀, ó rọra ní ṣé mo lè bá òun fi bébà pààrọ̀ ẹ̀, torí báńkì wọn kì í gba kọ́ìnì ilẹ̀ òkèèrè. Irin lásán ni mo ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ látọjọ́ yìí! Ojú tì mí. Dọ́là Amẹ́ríkà tó jẹ́ bébà, wọ́n ń gbà á, ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ méjì tiwọn, bẹ́ẹ̀ ló wà láti 1975 (ká má wulẹ̀ dárúkọ náírà). Àmọ́ owó tiwọn gan-an ló dáa jù, èyí tó jẹ́ dọ́là márùn-ún tí Frank Worrell tó gbá kríkẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀ ni mo wá ń fi sílẹ̀.

Tákísì wọn ò ní mítà, ẹ bá wọn sọ iye kẹ́ ẹ tó wọlé, tó bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ ní kó mú ṣéńjì. Bọ́ọ̀sì ZR, ìyẹn dáńfó tiwọn, ní tiẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan, kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní tíìpù.

Àbúrò ìyàwó mi ńkọ́? Lálẹ́ Friday ní Oistins, ìlú àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ọkùnrin kan ń lùlù, ike tí wọ́n ń sọ owó sí wà níwájú ẹ̀ gbalaja, ẹni wa jó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọkùnrin náà dáwọ́ ìlù dúró, ó ń fọwọ́ gbá ojú, ó rò pé kòkòrò ló bà lé òun.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè tẹ lẹ́tà yìí jáde kí àjọ̀dún Crop Over wọn ti oṣù kẹjọ tó dé, torí àbúrò ìyàwó mi yìí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ń wá owó tuntun.

Bàbá Tọ́mi,
London