Ẹ béèrè ojú abẹ kí ẹ tó béèrè ìwọ̀n ọmọ

Sí Olóòtú,

Láti Ìjẹ̀dè dé Ìmọ̀ta, aboyún tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí, tí skáànù wá ní ọmọ inú rẹ̀ tóbi, ìdáhùn méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó má tilẹ̀ ronú àtibí fúnra rẹ̀. Àwọn míì á ní kó máa bọ̀ nílé ìgbẹ̀bí àdúgbò, pé wẹ́rẹ́ ni yóò sọ̀. Tọ̀tún tòsì wọn ló kánjú.

Ojú abẹ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti la ilé ọmọ, ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Àpá tó wà lára awọ kò sì lè sọ ọ́: awọ lè ní àpá níbùú, kó jẹ́ pé lóòró ni wọ́n la ilé ọmọ nínú. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ni wọ́n là níbùú, tí ìrọbí sì dé fúnra rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 200 ni àpá náà máa ń ya fún. Bó bá jẹ́ lóòró lápá òkè, ẹ má dán an wò. Ìwé iṣẹ́ abẹ ni yóò fi èyí hàn. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é kí oyún tó pé oṣù méje, torí fáìlì àtijọ́ kì í jáde lọ́jọ́ kan. Kí ẹ bi wọ́n nípa ìdí tí wọ́n fi ṣe é pẹ̀lú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fìdí wálẹ̀ nígbà yẹn ní ìrètí àtibí fúnra rẹ̀ ju ẹni tí orí ọmọ rẹ̀ kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹni tó ti bí lójú ara rí ló ní ìrètí jù.

Ní ti ìwọ̀n, skáànù kì í gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Orí, ikùn àti egungun itan ló ń wọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò. Ọmọ tó pè ní kílò 4 lè jẹ́ 3.5, ó sì lè jẹ́ 4.5. Òótọ́ ni pé ọmọ tó lé ní kílò 4 ń dín ìrètí kù, èjìká rẹ̀ sì lè há, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó láti fagi lé àtibí fúnra ẹni. Ti àtọ̀gbẹ ló yàtọ̀: ọmọ ìyá alátọ̀gbẹ máa ń sanra léjìká ju orí lọ. Bó bá tó kílò 4.5, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà á dá lábàá. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá àtọ̀gbẹ wà, ẹ ṣe àyẹ̀wò omi ṣúgà gíráàmù 75 láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún, kí ẹ má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ibi tí tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), dókítà àti ẹ̀jẹ̀ tó bá tiyín mu wà ni kí ẹ ti rọbí, kí wọ́n máa gbọ́ ọkàn ọmọ láìdáwọ́ dúró. Bí àpá bá ń ya, lílù ọkàn ọmọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn náà ni ìrora tí kì í lọ bí ìrọbí bá dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀, tàbí orí ọmọ tó padà sókè. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà nígbà náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá mọ́tò ní Baiyeku ti pẹ́ jù.

Oògùn misoprostol tí àwọn kan ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí ojú ara kí ìrọbí lè yá, kò sí fún ilé ọmọ tó lápá. Ó lè fà á ya. Dírípù tí wọ́n fi ń mú ìrọbí yá náà ń mú kí ewu yíya pọ̀ sí i, ọwọ́ dókítà nìkan ló wà fún. Bí èjìká bá há, kí ẹnikẹ́ni má tẹ òkè ikùn. Kí wọ́n ká orúnkún ìyá sí àyà, kí ẹlòmíràn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè egungun abẹ́.

Ẹ má fi iṣẹ́ abẹ àtijọ́ pamọ́ fún agbẹ̀bí torí kó lè gbà yín. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà sínú báàgì ìbímọ, kí ẹ fi èkejì sọ́wọ́ ẹni tí yóò bá yín lọ.

Àwọn agbẹ̀bí méjì,
Ìkòròdú