Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù Nínú Bésíbọ́ọ̀lù, Ẹ Má Fi Ìrora Pamọ́ Fún Wa Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Houston,

Mo kí yín, mo kí àwọn òbí yín. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa ní Sátidé tó kọjá. Ọmọ ọdún 16. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí bàbá rẹ̀ ò tíì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Ọwọ́ òsì ló fi fa bẹ́líìtì, ọwọ́ òsì náà ló nà kọjá àyà láti fi ṣílẹ̀kùn ọ̀tún. Mo rí i. N kò bi í léèrè.

Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí iṣan ìgúnpá rẹ̀ fi já. Ẹ̀yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń dùn ún, tó ń gbé oògùn ìrora mì, tí kò sọ fún ìyá, tí kò sọ fún kóòṣì, kí àwọn yunifásítì tó ń wò ó láti mú un sí ikọ̀ wọn má baà fagi lé orúkọ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin!

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń pa á mọ́. Ẹ rò pé a ò ní gbà yín gbọ́. Lọ́dún 1980, ẹ̀pà ni mo ń tà nínú Astrodome, pápá ìṣeré ikọ̀ Astros ti Houston, láti fi san owó ilé ìwé. Nolan Ryan, ajubọ́ọ̀lù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ Astros nígbà náà, òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ń san mílíọ̀nù kan dọ́là fún lọ́dún nínú bésíbọ́ọ̀lù. J. R. Richard, ajubọ́ọ̀lù mìíràn, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọ ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń mú un, pàó! Èmi tí mo gbé àpótí ẹ̀pà kọ́rùn lókè lọ́hùn-ún á dúró gbọnin. Ní 1979, strikeout 313 ló ní, ìyẹn ni pé ìgbà 313 ló lé ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò láìrí i gbá.

Richard ò pa tiẹ̀ mọ́. Ó ní apá òun ti kú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní owó Ryan ló ń dùn ún. Èmi náà bá wọn mi orí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1980, ó ṣubú nínú Astrodome níbi tó ti ń gbìyànjú apá náà wò: ẹ̀jẹ̀ tó dì ló fa rọpárọsẹ̀. Ọmọ ọdún 30. Kò padà sí líìgì ńlá mọ́ títí tó fi kú ní 2021. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ afárá ní Houston yìí ló ń sùn.

Ryan ju bọ́ọ̀lù fún sáà 27. Ní 1991, lọ́mọ ọdún 44, ó ṣe eré kan tí ẹnikẹ́ni ò rí hit kan gbá (kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáadáa tó fi dé ibùdó), ìkeje irú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí kì í rìn ló sì lọ ń wà lẹ́yìn eré. Nígbà tí iṣan ìgúnpá tirẹ̀ já ní Seattle ní 1993, ọmọ ọdún 46 ni. Ọdún 46, kì í ṣe 16!

Ta ló tiẹ̀ ń tàn yín pé iṣẹ́ abẹ Tommy John, tí wọ́n fi ń fi iṣan mìíràn rọ́pò èyí tó já ní ìgúnpá, ń mú apá le sí i? Tommy John fúnra rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe é fún ní 1974, ti pé ọdún 31, kò sì ju bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sáà 1975. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun. Pitch Smart, ìlànà tó ń dáàbò bo apá àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù, ní ọmọ ọdún 16 ò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 95 lọ lóòjọ́, tó bá ti jù ú tó ìgbà 76, kó sinmi ọjọ́ 4. Ọmọ wa yìí ń jù fún ikọ̀ méjì, Sátidé níbìkan, Sọ́ńdè níbòmíràn. Kí lẹ ń lé? Jamie Moyer, ajubọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò yá rárá, ṣì borí nínú líìgì ńlá ní 2012, lọ́mọ ọdún 49.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ abẹ ọmọ náà. Èmi ni mo tún máa gbé e lọ. Ẹni tí apá bá ń dùn nínú yín, kó pè mí lálẹ́ òní. N kò ní bú u. Èmi ni màá bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Bàbá yín ni.