Àjàní, Sọ fún Wọn Kí O Tó Fọwọ́ sí Ìwé

Ìjẹ̀bú-Òde

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ka ìwé iṣẹ́ náà fún mi ní ìsọ̀ gààrì mi l'Ókè-Ajé. Mo dúpẹ́, mo tọ́pẹ́ dá. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti dojú dé, mi ò gbọ́ ọ kí o rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Gbà á. Ilé iṣẹ́ Èkó, ìwọ ní Ṣàgámù, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́wé, láìsí àtẹ̀gùn tí wọn yóò máa gbé ọ gùn.

Ṣùgbọ́n o ní o ò tíì sọ fún wọn pé orí kẹ̀kẹ́ arọ lo wà, pé ojú àti èjìká rẹ nìkan ni wọ́n ń rí nínú kọ̀ǹpútà. Sọ fún wọn. Kì í ṣe torí kí wọ́n ṣàánú rẹ. Torí awọ ìdí rẹ ni.

Bí ìjókòó bá pẹ́, ìdí a máa ro àwa, a ó sì yíra padà láìmọ̀. Tìrẹ kì í ro ọ́ mọ́, ara ibẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30, àfi kí o tẹ àyà síwájú sórí itan fún bí ìṣẹ́jú 2, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é bí oníbàárà bá ń pè léraléra, tí ọ̀gá ò sì mọ ìdí tí o fi dákẹ́?

Ṣé o rántí egbò ọdún kìíní? Ibì kan báyìí, bí ojú kọ́bọ̀, lókè ìdí rẹ. Kò pupa, awọ dúdú wa kì í tètè fi pupa hàn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kàn án, ó gbóná ju awọ tó yí i ká lọ, ó sì le. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ nígbà náà ní kò sí nǹkan. Kí oṣù tó parí, ihò tí àtàǹpàkò mi wọ̀ ni mo ń fi báńdéèjì dí. Oṣù márùn-ún lo fi dojú bolẹ̀. Irú egbò bẹ́ẹ̀ ló lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: àsìkò tí wàá máa tẹ̀ síwájú, àsìkò tí wàá máa fi rọ́bà fa ìtọ̀ jáde. Bàbá rẹ kékeré ní láti 2019 ni òfin ti wà nílẹ̀ yìí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí àìlera ara fi iṣẹ́ du èèyàn. Má bẹ̀rù.

Tìmùtìmù kẹ̀kẹ́ tuntun ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn jókòó lé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ